Tánganran Abẹ́ Ọkọ̀

Nínú ọjà Ladipo ní Mushin, bí èèyàn bá kọjá ibi tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì sí, tó yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà àti sẹ́ńsọ̀, yóò rí irin kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ihò wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀ bí ihò ajere, wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń jáde ní ìdí rẹ̀. Òkìtì ni wọ́n ń kó o sí. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tú ká lókè òkun ni wọ́n ti yọ wọ́n. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀. Bí wọ́n bá ya ìdérí oníhò yẹn kúrò, nǹkan funfun kan ni wọ́n á bá níbẹ̀, tó dà bí ìdérí báírò, tó sì le bí àwo tánganran.

Tánganran náà ni lóòótọ́. Ẹni tó bá gbójú sókè wo òpó iná lójú ọ̀nà Agege Motor Road yóò rí ẹbí rẹ̀ lókè: àwọn ife tánganran tí wáyà iná jókòó lé. Wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ nítorí pé iná kì í gba inú wọn kọjá. Báwo wá ni ẹbí kan náà ṣe wà lórí òpó láti dá iná dúró, tó tún wà lábẹ́ ọkọ̀ láti jẹ́ kí iná kọjá? Ó ti lé ní 190 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń tú ìbéèrè yìí wò. Inú ìdáhùn rẹ̀ ni bátìrì tí kò lómi nínú, èyí tí ìròyìn rẹ̀ gbayé kan lónìí, ti jáde wá. Tèmi ni pé kí á tó máa retí bátìrì ọ̀hún, ó yẹ ká mọ àwọn ẹbí rẹ̀ tó ti ń gbé láàárín wa tipẹ́, ká sì fi ooru Èkó, ọ̀rinrin Èkó àti ọwọ́ àwọn alátùnṣe Èkó wọn èyí tó ń bọ̀.

Oríṣi ìrìn méjì ni iná ń rìn. Nínú wáyà bàbà, ẹ̀lẹ́kítíróònù ló ń sáré. Átọ́ọ̀mù bàbà fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Nínú bátìrì mọ́tò, átọ́ọ̀mù gan-an ló ń gbéra, lẹ́yìn tó bá ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítíróònù tàbí tó ti gba àlékún. Átọ́ọ̀mù tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Inú omi ásíìdì bátìrì, inú omi iyọ̀, ibẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù ti ń lúwẹ̀ẹ́ fàlàlà.

Inú ohun líle ńkọ́? Ẹ wo danfo tó kún fọ́fọ́ láti Yaba lọ sí Ojúelégba lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó lè yí ìdí. Àfi bí ẹnì kan bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Tejúoṣó. Kọ́ńdọ́ á pariwo pé, "Ẹ sún wọlé!" Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà á sún sí i, ẹni tó tẹ̀ lé e á sún sí ibi tí tibí ṣí sílẹ̀, àyè tó ṣófo náà á sì máa rìn lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni áyọ́ọ̀nù ṣe ń gba inú ohun líle kọjá. Níbi tí kò bá sí ìjókòó tó ṣófo, kò sí ìrìn.

Àwọn onímọ̀ kò wá dúró de ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń dá àyè sílẹ̀. Zirconia ni wọ́n ń pe tánganran inú sẹ́ńsọ̀ wa. Zirconium àti ọ́síjìn ló so pọ̀ dá a. Bí wọ́n bá po ìyẹ̀fun mìíràn tó ń jẹ́ yttria mọ́ ọn, tí wọ́n sun ún pọ̀, yttrium á gba ipò zirconium níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n iye ọ́síjìn tí yttrium lè dì mú kò tó ti zirconium, nítorí náà fún yttrium méjì tó bá wọlé, ìjókòó ọ́síjìn kan yóò ṣófo. Ó tún ku ohun kan: ooru. Ìjókòó lè ṣófo kí ẹnikẹ́ni má sún bí kò sí ohun tó ń tì wọ́n. Tánganran orí òpó kò ní ìjókòó òfìfo irú èyí, kò sì gbóná tó. Ti abẹ́ ọkọ̀ ní méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1833, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù gbé fàdákà tó ti dà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ sójú iná àtùpà, ó sì fi iná bátìrì gba inú rẹ̀. Gbogbo irin tó mọ̀, bí wọ́n bá ṣe ń gbóná ni ó ń ṣòro fún iná láti kọjá nínú wọn. Èyí yí i padà: bó ṣe ń gbóná ni ó ń rọrùn fún iná láti kọjá. Ní 1838 ó tún rí irú rẹ̀ nínú àdàpọ̀ òjé àti fluorine. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àlàyé kò sí nígbà náà, nítorí kò tíì sẹ́ni tó mọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń jókòó nínú ohun líle.

Ìwádìí tó yà mí lẹ́nu jù wá lẹ́yìn náà, ní 1914, nígbà tí Carl Tubandt àti Lorenz ní Jámánì gbé àdàpọ̀ fàdákà àti áyódíìnì síná. Títí dé 146°C, kò sí nǹkan bàbàrà. Ní 147°C, agbára rẹ̀ láti gbé iná fò sókè ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó sì yọ́ di omi nígbẹ̀yìn, ńṣe ni agbára náà dín díẹ̀! Ohun líle wá ń gbé áyọ́ọ̀nù ju omi ara rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n yẹn, áyódíìnì á dúró digbí bí òpó abẹ́ afárá Ojúelégba, fàdákà á sì máa ṣàn láàárín wọn bí èrò ọ̀sán. Ibùdó 42 ló wà nínú yàrá kékeré kọ̀ọ̀kan tí àwọn áyódíìnì náà yí ká, fún fàdákà méjì péré. Ẹni tó bá ti la abẹ́ afárá yẹn kọjá rí mọ̀ pé àwọn òpó kì í sún. Èrò ló ń wá ọ̀nà.

Kí á tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì: Walther Nernst ti fi zirconia àti yttria ṣe àtùpà ní òpin ọ̀rúndún 19. Ó ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú un gbóná kó tó tàn. Àtùpà onírin inú gílóòbù lé e kúrò lọ́jà láìpẹ́. Tánganran rẹ̀ ló wá ríṣẹ́ lẹ́yìn náà lábẹ́ ọkọ̀.

Ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ Bosch kọ́kọ́ gbé sẹ́ńsọ̀ yìí sínú ọkọ̀ Volvo, torí òfin èéfín tó le ní California. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro lóye. Èéfín ẹ́ńjìnnì wà ní apá kan tánganran náà, afẹ́fẹ́ ìta wà ní apá kejì. Ọ́síjìn pọ̀ níta, ó wọ́n nínú èéfín. Bí tánganran bá ti gbóná tó nǹkan bí 300°C, áyọ́ọ̀nù ọ́síjìn á bẹ̀rẹ̀ sí í tì láti ibi tó pọ̀ lọ síbi tó wọ́n, títì yẹn á sì di iná kékeré tí a lè wọ̀n. Bí epo bá pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, ó lè tó 0.9 fólìtì, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, kò ní ju nǹkan bí 0.1 lọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á ka iye náà, á dín epo kù tàbí kó fi kún un, léraléra, láìsinmi. Torí ooru tí tánganran náà nílò ni wáyà fi pọ̀ ní ìdí rẹ̀: méjì nínú wọn ń fi iná bátìrì mú tánganran gbóná kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí mo rà nígbà kan ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń pa. Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún wo iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù." Mo gbà. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú nígbà tó yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò, ọkọ̀ sì túbọ̀ ń mu epo sí i. Kọ̀ǹpútà tí kò rí nǹkan gbọ́ mọ́ á máa méfò ni, ó sì sábà máa ń méfò sí ọ̀nà epo púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù May 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Àwọn tó ń gé katalísìtì, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, tà nítorí plátínọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ló tún burú ju èyí lọ: èéfín tí sẹ́ńsọ̀ ń ṣọ́ kó lè di mímọ́ ni wọ́n dá padà sí ihò imú ará Mushin. Ó tún yẹ ká rántí pé òjé inú epo ń ba sẹ́ńsọ̀ yìí jẹ́, ó ń bo ojú plátínọ́ọ̀mù tó wà lára tánganran. Ìbẹ̀rẹ̀ 2006 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà tó bọ́ lọ́wọ́ epo olójé.

Ẹbí rẹ̀ mìíràn wà ní àwọn yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà àti ní Yabatech, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà. Ọ̀pá onígíláàsì tí wọ́n ń rì bọ omi láti mọ bó ṣe kan sí ni. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ń gbé áyọ́ọ̀nù sódíọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ le koko. Fritz Haber àti Zygmunt Klemensiewicz ló ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1909.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun torí pé òun kò ní mọ́tò, kó mú fóònù rẹ̀ jáde. Omi ló wà nínú bátìrì rẹ̀, omi tí ń gbaná. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí omi náà jẹ bátìrì run ni awọ líle kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣáàjì bátìrì náà ní ilé-iṣẹ́, omi náà bá èédú inú rẹ̀ jà, awọ sì yọ lójú èédú bí awọ tí ń yọ lójú ẹ̀kọ gbígbóná tó bá ń tutù. Irun orí nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po bí ẹgbẹ̀rún. Áyọ́ọ̀nù lítíọ́ọ̀mù lè gba inú awọ yìí kọjá, ẹ̀lẹ́kítíróònù kò lè gbà á, nítorí náà ìjà náà dáwọ́ dúró. Emanuel Peled ló fún un lórúkọ tí ayé ń pè é títí dòní, ní 1979. Bí fóònù bá ń gbóná, lórí dáṣíbọ́ọ̀dù danfo tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí, awọ náà á máa nípọn, á sì máa gbé lítíọ́ọ̀mù mì. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní "bátìrì ti kú" nìyẹn.

Ooru wá di ọ̀rọ̀ tó gbòde. Bátìrì olómi ásíìdì tí a ń lò sí ìnfátà ní Surulere, àwọn tó ń ṣe é máa ń sọ pé bí ibi tó wà bá fi 10°C gbóná ju 25°C lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á já sí ìdajì. Yàrá tí kò sí iná láti fi ṣiṣẹ́ fáànù kò ṣòro kó gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú oṣù March. Ọ̀tá bátìrì olómi ni ooru. Ọ̀rẹ́ ohun tí Faraday rí ni. Kí ló dé tí a kò fi ti ibẹ̀ mú nǹkan?

Àwọn kan ti mú un. Ní 1967, Joseph Kummer àti Neill Weber ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà kéde bátìrì tó yí gbogbo nǹkan sódì. Nínú bátìrì tí a mọ̀, irin líle méjì ló ní omi láàárín. Nínú tiwọn, sódíọ́ọ̀mù yíyọ́ àti imí-ọjọ́ yíyọ́ ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tánganran alumíná sì wà láàárín. Sódíọ́ọ̀mù ń sáré nínú tánganran yìí ní ojú pẹrẹsẹ, bí ọkọ̀ tó rí ọ̀nà márosẹ̀. Nǹkan bí 300°C ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbóná kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà oòrùn ìta kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ NGK ní Jàpáánì ló sọ ọ́ di ọjà; àwọn ni wọ́n tò ó sí aṣálẹ̀ Abu Dhabi, 108 mẹ́gáwáàtì tó parí ní 2019. Kì í ṣe pé kò léwu: èyí tó wà ní Tsukuba gbiná ní 2011, nítorí sódíọ́ọ̀mù yíyọ́ àti imí-ọjọ́ kì í ṣe èrò tó yẹ kó pàdé lójijì.

Ilẹ̀ Áfíríkà ló ṣe àtúnṣe sí ewu yẹn. Ní Pretoria, Johan Coetzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú imí-ọjọ́ kúrò, wọ́n fi iyọ̀ àti nikẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ ni mo wí, irú èyí tí à ń fi sọ́bẹ̀. Wọ́n sọ bátìrì náà ní ZEBRA, Áfíríkà sì ni lẹ́tà ìparí orúkọ náà dúró fún. Bí tánganran inú rẹ̀ bá sán, ohun tí sódíọ́ọ̀mù á pàdé á sọ ọ́ di iyọ̀ àti alumíníọ́ọ̀mù, kò ní bú gbàmù. Lójú tèmi, èyí ni ìlà tó bá ilé wa mu jù nínú gbogbo ìdílé yìí, Nàìjíríà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2012, nígbà tí General Electric ṣí ilé-iṣẹ́ irú bátìrì yìí ní Schenectady, ní New York, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ni Megatron Federal ti South Africa, tó fẹ́ gbé e sí ìdí àwọn òpó fóònù ní Nàìjíríà. Ó bọ́ sí i dáadáa: òpó tí iná ìjọba kì í dé, tí jẹnẹrétọ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, bátìrì tí kò bìkítà fún ooru ni ó ń wá. Láàárín ọdún mélòó kan, GE dáwọ́ ilé-iṣẹ́ náà dúró. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ti di ọ̀pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe ooru ló pa á. Ẹ̀rọ ìṣírò owó ló pa á, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè bí oòrùn Èkó ṣe rí.

Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin, ní Cotonou, ti rí irú mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Bolloré ti ilẹ̀ Faransé gbé ibùdó tí wọ́n ń pè ní Bluezone kalẹ̀ níbẹ̀, níbi tí iná oòrùn ti ń kún bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò lómi: ike tó rọ̀ ni áyọ́ọ̀nù ń gbà kọjá, bátìrì náà sì gbọ́dọ̀ gbóná dé bíi 60°C sí 80°C. Ìmọ̀ ike yìí ti wà láti àwọn ọdún 1970, láti ọwọ́ Peter Wright àti Michel Armand. Bátìrì kan náà ló wà nínú ọkọ̀ Autolib tí Paris fi yáni láti 2011 sí 2018. Ẹni tó bá wá ń polongo pé bátìrì tí kò lómi kì í jó, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní April 2022: bọ́ọ̀sì Bluebus méjì tó ń lo irú bátìrì yìí gbiná láàárín oṣù kan, wọ́n sì kó 149 kúrò lójú pópó. Omi kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó irin lítíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ike náà sì ń jó.

Èyí tí ìwé ìròyìn ń hó lé lórí báyìí ni àwọn tí kò nílò kí a mú wọn gbóná. Ní 2007, wọ́n rí tánganran kan tí lítíọ́ọ̀mù, lanthanum àti zirconium para pọ̀ dá. Ní 2011, Ryoji Kanno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo rí èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, tó ń gbé lítíọ́ọ̀mù kọjá bí omi inú bátìrì fóònù ṣe ń gbé e, láìgbóná rárá. Lórí irú èyí ni Toyota ti ń sọ pé ọkọ̀ á dé ní 2027 tàbí 2028. Ìṣòro kò tíì tán. Bí wọ́n bá ń ṣáàjì í kíákíá, lítíọ́ọ̀mù máa ń hu irun tó ń wọ inú tánganran lọ bí gbòǹgbò ọdán ṣe ń la ògiri, tí yóò fi dé apá kejì. Ìṣòro tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọ̀rinrin. Onímí-ọjọ́ yẹn kò fẹ́ rí ìkùukùu: bó bá pàdé ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ olóró tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ á jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ gbẹ ju aṣálẹ̀ lọ. Èkó oṣù June ńkọ́?

Èmi kò bẹ̀rù ọkọ̀ tuntun tí wọ́n dì pa. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun kó tó gúnlẹ̀ ní èbúté Tin Can ni mò ń rò, àti àwọn ọmọ wa tó jókòó lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tú bátìrì láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń ṣa sẹ́ẹ̀lì tó ṣì lágbára sọ́tọ̀ fún ìnfátà. Ọgbọ́n ni iṣẹ́ yẹn, òun ló ń gbé iná wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la bátìrì onímí-ọjọ́, ihò imú wọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Lítíọ́ọ̀mù wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀rò-Èkìtì àti Òkè-Ògùn, zircon wà nínú iyanrìn tí àwọn awakùsà ta dànù ní Jos, ìjọba sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn lójoojúmọ́. Síbẹ̀, sódíọ́ọ̀mù ni èmi ì bá ní kí àwọn ará Akọkà àti Yabatech gbájú mọ́: iyọ̀ kò jìnnà sí wa, ooru kò jìnnà sí wa, ọmọ Áfíríkà ló sì la ọ̀nà rẹ̀.

Mo padà lọ sí Ladipo láti ra sẹ́ńsọ̀ mìíràn. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á bí mo ṣe máa mọ èyí tó dáa nínú òkìtì tòkunbọ̀ yẹn. Kò dáhùn. Ó mú ọ̀kan, ó fi púláyà dì í mú, ó so mítà mọ́ wáyà rẹ̀, ó sì tan iná gáàsì sí orí rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, òdo ni mítà ń kà. Orí irin náà pọ́n díẹ̀. Mítà kà 0.2, ó kà 0.5, ó dúró lórí 0.8. Ó yí iná gáàsì kúrò, iye náà já wálẹ̀; ó dá a padà, ó tún gòkè. Ó gbé sẹ́ńsọ̀ náà sílẹ̀ kó tutù, ó ní, "Èyí ṣì wà láàyè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mówó wá."